Súpámákẹ́ẹ̀tì wà ní máìlì 35 sí ilé wa: ẹ gbà wá ní ìmọ̀ràn, ẹ̀yin ará wa ní ìgbèríko Amẹ́ríkà

Nọ́ọ̀sì Kansas

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí, ẹ̀yin ará wa. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ni ó gbé èmi àti ọkọ mi wá sí káúńtì kan ní ìwọ̀-oòrùn Kansas, níbi tí oko àlìkámà ti pọ̀ ju ilé lọ. Súpámákẹ́ẹ̀tì tí ó sún mọ́ wa jù lọ wà ní máìlì 35 sí ilé wa. Nínú ìlú tí a ń gbé gan-an, sọ́ọ̀bù kékeré kan ni ó wà, tí wọ́n ti ń ta mílíìkì, ẹyin, búrẹ́dì, oúnjẹ inú agolo àti ẹ̀fọ́ díẹ̀, ọjà ibẹ̀ sì wọ́n ju ti súpámákẹ́ẹ̀tì lọ. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni a ní, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì sábà máa ń ṣe. Màmá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa, wọn kì í wakọ̀, àtọ̀gbẹ sì ń bá wọn fínra, nítorí náà a kò lè máa fi búrẹ́dì àti oúnjẹ inú agolo tí iyọ̀ kún inú rẹ̀ bọ́ wọn.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní irú ibi báyìí ni bí ẹ ṣe ń ṣètò oúnjẹ ilé yín. Ṣé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí a máa lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì, àbí kí a máa kó ọjà oṣù kan lẹ́ẹ̀kan náà? Ǹjẹ́ ètò ìjọba kankan wà fún àwọn tí oúnjẹ jìnnà sí? Àwọn aládùúgbò wa kan tí wọ́n ti dàgbà wà nínú ìṣòro yìí ju àwa lọ, mo sì fẹ́ kí ìdáhùn yín wúlò fún àwọn náà.

Oníṣirò Owó

Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Kí ẹ tó fi iye owó ọjà ní sọ́ọ̀bù ìlú yín wé ti súpámákẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ ṣírò ohun tí ọ̀nà ń gbà lọ́wọ́ yín. Iléeṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀, ìyẹn IRS, fi sẹ́ńtì 70 sí máìlì kọ̀ọ̀kan fún ọdún 2025, gẹ́gẹ́ bí iye tí oníṣòwò lè ṣírò fún wíwa ọkọ̀ ara rẹ̀ nídìí iṣẹ́. Kì í ṣe epo nìkan ni wọ́n kà mọ́ ọn, nítorí pé táyà, àtúnṣe, owó ìbánigbófò àti bí iye ọkọ̀ náà ṣe ń já wálẹ̀ wà nínú rẹ̀. Máìlì 35 ní àlọ àti 35 ní àbọ̀ jẹ́ 70, tí ẹ bá sì fi sẹ́ńtì 70 ṣírò rẹ̀, dọ́là 49 ni. Ẹni tí ó bá rin ọ̀nà yẹn nítorí ọjà dọ́là 60 ti ná dọ́là 109 kí ọjà náà tó wọ ilé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ti dọ́là 400 ti pín owó ọ̀nà náà sórí ọjà púpọ̀, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ká a lára.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé kí ìrìn àjò yín má pọ̀, kí ọjà tí ẹ ń kó bọ̀ pọ̀, kí ó sì jẹ́ pé sọ́ọ̀bù ìlú ni ẹ ó ti máa ra ohun tí ó bá tán láàárín. Bí wọ́n tilẹ̀ fi dọ́là méjì lé owó mílíìkì, dọ́là méjì yẹn kò tó ohun tí ẹ máa ná títí dé àbọ̀ ọ̀nà.

Ó tún yẹ kí àwọn ará Kansas mọ̀ pé owó orí ọjà tí ìpínlẹ̀ ń gbà lórí oúnjẹ, tí ó jẹ́ 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́lẹ̀, wálẹ̀ sí 4 ní January 2023, ó di 2 ní 2024, ó sì di òdo láti ọjọ́ kìíní January 2025. Ti ìlú àti ti káúńtì nìkan ni ó kù. Àwọn kan tí wọ́n ń gbé nítòsí ààlà máa ń sọdá sí Nebraska nítorí owó orí yìí. Ìdí yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́.

Ìyá Ìbejì, Nebraska

Ọmọ mi, fìrísà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, èyí tí ó jìn, tí a máa ń ṣí láti òkè. Òun ni kò ní jẹ́ kí ọ̀nà jíjìn máa pàṣẹ fún ilé yín. Ẹ jẹ́ kí ó wà ní ìwọ̀n 0 ti Fahrenheit, kí fíríìjì má kọjá 40, kí ẹ sì fi ohun ìdíwọ̀n ooru tí kò ju dọ́là díẹ̀ lọ sínú méjèèjì, kí ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé bọ́tìnnì tí ẹ ń yí nìkan. Ìjì àti yìnyín máa ń mú iná lọ ní apá ibi tí a wà yìí. Bí ẹ kò bá ṣí i rárá, fìrísà tí ó kún yóò di otútù rẹ̀ mú fún bíi wákàtí 48, èyí tí ó kún dé ìdajì yóò ṣe bíi wákàtí 24, ṣùgbọ́n fíríìjì kì í kọjá wákàtí 4. Ẹ fi ìgò omi kún àyè tí ó bá ṣófo nínú fìrísà, nítorí pé omi dídì náà ń bá a di otútù mú.

Ọ̀rọ̀ ata ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí pé ata ni ó máa ń lé àwa Yorùbá padà sí ọ̀nà. Nígbà tí tàtàṣé, tòmátì, àlùbọ́sà àti ata rodo bá wà lọ́pọ̀ lọ́wọ́ mi, mo máa ń lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, n ó sì sè é títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ dáadáa, nítorí pé omi ni ó ń gba àyè nínú fìrísà. Mo máa ń tẹ́ ẹ sínú páànù tí kò jìn kí ó lè tètè tutù, nítorí pé kò yẹ kí oúnjẹ tí a sè wà níta kọjá wákàtí méjì. Kí n tó rọ ọ́ sínú ọ̀rá, mo ti kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n rẹ̀ sára ọ̀rá náà, nítorí pé bírò kì í kọ sára ọ̀rá tí ó bá ti tutù. Mo wá máa ń tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kí ó tó dì, kí n lè tò wọ́n lórí ara wọn bí ìwé. Ìwọ̀n ìkòkò ọbẹ̀ kan ni mo ń fi sínú ọ̀rá kan, kí n má baà yọ́ ju èyí tí mo nílò lọ.

Bí ẹ bá dé láti ọjà, ẹ̀fọ́ eléwé ni kí ẹ kọ́kọ́ sè, torí pé kì í pẹ́ bàjẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tòmátì àti kùkúḿbà. Kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹyin náà ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún nínú fíríìjì. Ẹ má kó àlùbọ́sà àti ọ̀dùnkún sójú kan náà, wọ́n ń ba ara wọn jẹ́. Ẹ̀fọ́ dídì tí wọn kò fi iyọ̀ tàbí ọbẹ̀ kankan sí dára fún Màmá, kò sì fi ohun pàtàkì kankan kéré sí ti tútù tí ó ti ń rọ lórí àtẹ láti ọjọ́ mélòó kan. Tí ó bá jẹ́ ẹ̀wà inú agolo ni ẹ rí, ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ sì ṣan án, iyọ̀ rẹ̀ yóò dín kù. Gàrí, èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí kò nílò otútù, ẹ lè máa béèrè fún wọn láti ìlú ńlá nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Nípa ọ̀nà fúnra rẹ̀, ẹran àti mílíìkì ni kí ó kẹ́yìn wọ inú kẹ̀kẹ́ ọjà, ààrin yìnyín inú kúlà sì ni kí wọ́n wà títí ẹ ó fi délé. Wákàtí méjì ni òfin ẹran níta, ṣùgbọ́n bí ooru bá kọjá 90 ti Fahrenheit, wákàtí kan péré ni. Búùtù ọkọ̀ ní oṣù July kì í ṣe ibi tí a ń fi adìyẹ sí.

Ìyá Ìjọ, Mississippi

Ẹ kú ọgbọ́n, Ìyá Ìbejì. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí kò ní ọkọ̀. USDA, iléeṣẹ́ ìjọba tí ó ń mójú tó ètò ọ̀gbìn, máa ń ka àdúgbò ìgbèríko mọ́ ibi tí oúnjẹ jìnnà sí bí súpámákẹ́ẹ̀tì bá ju máìlì 10 lọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀, nígbà tí ti inú ìlú ńlá jẹ́ máìlì 1. Máìlì 10 yẹn kì í ṣe ohun kan náà fún ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ àti fún opó tí ó ń dúró de ọmọ aládùúgbò kí ó ráyè. Opó yẹn ń san owó fún ẹni tí ó gbé e, kò lè yan ọjọ́ tí ó wù ú, kò sì lè ra ju ohun tí ó lè gbé lọ.

Àáró ni a fi yanjú rẹ̀ ní àdúgbò tiwa, bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é nínú oko. A kó ilé mélòó kan jọ, ilé kan ni ó ń lọ sí ọjà fún gbogbo wa, yóò sì kan ẹlòmíràn ní ìgbà tí ó bá tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ ń dá owó epo, tàbí kí ó máa tọ́jú ọmọ ẹni tí ó lọ, kò sì sí ẹni tí ó ń tijú, nítorí pé gbogbo wa ni a ń dá nǹkan sí i. Òfin díẹ̀ ni ó jẹ́ kí ó máa lọ láìsí ìjà. Àkọsílẹ̀ ohun tí o fẹ́ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tí ń lọ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Owó ń ṣáájú ọjà. Rìsíìtì ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá dúró, ìyẹn ni pé kí wọ́n ṣírò ọjà rẹ lọ́tọ̀ níwájú akọ̀wé owó, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó ti rìsíìtì gígùn kan lálẹ́ tí yóò máa bi ara rẹ̀ pé ta ni ó ni ọṣẹ. Olúkúlùkù sì ni yóò mú kúlà tirẹ̀ wá, pẹ̀lú orúkọ lára rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, ẹ pe àwọn aládùúgbò àgbàlagbà yẹn sínú rẹ̀. Ẹ má dúró títí wọn yóò fi béèrè, ọ̀pọ̀ wọn kò ní béèrè láé.

Ọmọ Texas

Gbogbo ohun tí ẹ sọ dára, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ríra nǹkan ní sọ́ọ̀bù kékeré nítorí àánú. Ọmọ mẹ́rin ni mo ń bọ́, owó tí ó ń wọlé fún mi kò sì gba kí n máa san àlékún lórí gbogbo ohun tí mo bá rà. Ohun tí ó ń ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo máa ń béèrè ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn a sì ti kó o jọ kí n tó dé. Ìyẹn kì í jẹ́ kí n máa ra ohun tí n kò pinnu láti rà. Wọn kì í gbé e wá sí ilé wa nítorí pé ọ̀nà wa jìn jù.

Onísọ́ọ̀bù

Ọmọ Texas, òótọ́ ni ẹ sọ, n kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó ń bọ́ ọmọ mẹ́rin pé kí ó fi owó rẹ̀ ṣàánú. Mo ti ṣiṣẹ́ nínú irú sọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ọjà ibẹ̀ fi wọ́n, kí ẹ lè mọ ohun tí àlékún yẹn ń rà fún yín.

Èrè tí ó ń kù lọ́wọ́ ẹni tí ń ta oúnjẹ kò pọ̀. Nínú dọ́là kan tí ẹ san, sẹ́ńtì kan tàbí méjì ni ó sábà máa ń kù fún un lẹ́yìn tí ó bá ti san gbogbo gbèsè tán. Àwọn iléeṣẹ́ tí ń kó ọjà fún àwọn onísọ́ọ̀bù ní iye tí ó kéré jù tí wọ́n lè torí rẹ̀ rán ọkọ̀ ńlá wá, ó sì máa ń jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lọ́sẹ̀. Bí ìlú kò bá rà tó bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ náà kò ní yà sí ọ̀dọ̀ wọn mọ́, tàbí kí ó gbówó lé ọjà. Ẹ̀fọ́ a máa dé nínú páálí ńlá, ìdajì rẹ̀ a sì jẹrà kí ènìyàn tó rà á. Ẹ̀rọ amúǹkan-tutù àtijọ́ ń jẹ iná tọ̀sán tòru. Bí ilé ìtajà olówó pọ́ọ́kú kan bá tún ṣí lẹ́bàá ọ̀nà, ọṣẹ, bébà àti oúnjẹ inú agolo, tí èrè ti ń wá, ni yóò gbà lọ, ẹran àti ẹ̀fọ́ tí ń bàjẹ́ ni yóò sì kù sí ọwọ́ onísọ́ọ̀bù. Òfin kan wà láti 1936, Robinson-Patman Act, tí ó ka títa ọjà kan náà ní owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún olùrà ńlá àti olùrà kékeré léèwọ̀ bí ó bá ń pa ìdíje lára, ṣùgbọ́n láti àwọn ọdún 1980 ni ìjọba ti dẹwọ́ rẹ̀ gan-an. Èmi gbà pé ìdẹwọ́ yẹn wà lára ohun tí ó pa ọ̀pọ̀ sọ́ọ̀bù ìgbèríko.

Bí sọ́ọ̀bù bá ti kú, kì í rọrùn láti jí i dìde. Ìlú St. Paul ní Kansas wà láìní ilé ìtajà oúnjẹ fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún, kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú náà tó ṣí ọ̀kan ní 2008; ní 2013, ìjọba ìlú fúnra rẹ̀ gbà á. Ní Cody, ní Nebraska, ìlú tí ènìyàn ibẹ̀ kò tó 200, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n ń bá wọn bójú tó sọ́ọ̀bù tí wọ́n ṣí ní 2013. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń dúró: ìlú Baldwin ní Florida ṣí tirẹ̀ ní 2019, ó sì tì í pa ní 2024. Ohun tí mo rí ni pé iye owó tí àwọn ará ìlú ń ná níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń pinnu rẹ̀, ju ìpàdé àti àbá lọ.

Nítorí náà, ẹ yan ohun díẹ̀ tí ẹ ó máa rà ní ìlú nígbà gbogbo, bíi mílíìkì, ẹyin, àlùbọ́sà, kí ẹ sì sọ ọ́ fún onísọ́ọ̀bù. Ẹni tí ó mọ̀ pé ilé mẹ́wàá yóò ra kábéèjì ní ọjọ́ Friday kò ní bẹ̀rù láti gbé páálí kábéèjì. Bí ẹ̀rọ amúǹkan-tutù ni ó ń da sọ́ọ̀bù ìlú yín láàmú, ẹ sọ fún wọn nípa REAP, ètò USDA tí ó ń fún okòwò kékeré ìgbèríko ní owó ìrànwọ́ láti dín iná tí wọ́n ń jẹ kù. Ní Kansas tiyín, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kansas ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Rural Grocery Initiative, iṣẹ́ wọn ni láti ran irú sọ́ọ̀bù yìí lọ́wọ́. Ẹ kàn sí wọn nígbà tí sọ́ọ̀bù náà ṣì wà láàyè.

Òṣìṣẹ́ Ìrànwọ́

Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè nípa ètò ìjọba, nítorí pé ọ̀pọ̀ ará wa ń fi ẹ̀tọ́ wọn sílẹ̀.

SNAP ni ó tóbi jù, owó oṣooṣù tí wọ́n ń fi sínú káàdì EBT fún ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò pọ̀. Àgbàlagbà tí ó ní gíríìn káàdì sábà máa ń dúró fún ọdún 5 kí ó tó lè gbà á, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tí òun náà ní káàdì náà kì í dúró. Nǹkan mẹ́ta nípa rẹ̀ kan ẹni tí ń gbé ní ibi tí ó jìn. Èkíní, owó tí ó bá ṣẹ́kù kì í bọ́ ní ìparí oṣù, nítorí náà ẹ lè tọ́jú rẹ̀ pamọ́ de ìrìn àjò ńlá. Èkejì, ẹ lè fi ra irúgbìn àti ọ̀gbìn kékeré tí yóò so oúnjẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: ata, tòmátì àti ẹ̀fọ́ tí ẹ bá gbìn sí ẹ̀yìnkùlé wà lábẹ́ òfin yẹn. Ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ń gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 2019, ṣùgbọ́n owó SNAP kò lè san owó ìgbéwálé, àpò yín ni yóò ti jáde. Bí sọ́ọ̀bù ìlú yín kò bá gba EBT, kò náà án ní owó kankan láti kọ̀wé sí USDA fún àṣẹ náà.

WIC, ètò oúnjẹ ìjọba mìíràn, wà fún aláboyún, ìyá ọmọ ọwọ́ àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ilé ìtajà tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan ni ẹ ti lè ná an, nítorí náà ẹ béèrè èyí tí ó sún mọ́ yín kí ẹ tó rin ọ̀nà. Fún àwọn ọmọ ilé ìwé, láti 2023 ni òfin ti gbà kí àwọn ibi kan ní ìgbèríko máa fún wọn ní oúnjẹ ìgbà ìsinmi gbé lọ sílé, dípò kí wọ́n jókòó jẹ ẹ́ níbẹ̀. Láti 2024 ni SUN Bucks, owó oúnjẹ ìgbà ìsinmi, náà ti bẹ̀rẹ̀, dọ́là 120 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀.

Fún àwọn àgbàlagbà, òfin kan láti 1965, Older Americans Act, ni ó ń pèsè owó oúnjẹ sísè fún ẹni tí ó ti pé ọdún 60, yálà ní ibi ìpéjọ tàbí kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹni tí kò lè jáde, wọn kì í sì í fi iye owó tí ń wọlé dí ènìyàn lọ́nà. CSFP wà pẹ̀lú, páálí oúnjẹ lóṣooṣù fún ẹni ọdún 60 sókè tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ pe 211, nọ́ńbà fóònù tí a fi ń wá ìrànwọ́ ládùúgbò, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí ọkọ̀ oúnjẹ ọ̀fẹ́ ń wá sí káúńtì yín.

Nọ́ọ̀sì Kansas

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ti bá ìdílé méjì sọ̀rọ̀ nípa àáró, wọ́n sì gbà. Ó ku ìbéèrè kan: Màmá fẹ́ máa yan ẹ̀fọ́ wọn fúnra wọn, kò tẹ́ wọn lọ́rùn pé kí á máa yan fún wọn. Ǹjẹ́ ọkọ̀ kankan wà tí ó lè gbé wọn nígbà tí mo bá ń sùn lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́?

Òṣìṣẹ́ Ìrànwọ́

Ó ṣeé ṣe kí ó wà. Ìjọba àpapọ̀ ní owó kan tí wọ́n ń pè ní Section 5311 fún ètò ìrìnnà ìgbèríko, ọ̀pọ̀ káúńtì ní Kansas sì ń fi gbé bọ́ọ̀sì kékeré sí ojú ọ̀nà, tí ẹni tí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ yóò pè ṣáájú, ó kéré tán ní ọjọ́ kan ṣáájú. Kì í ṣe ti aláìsàn tàbí arúgbó nìkan, ẹnikẹ́ni ni ó lè wọ̀ ọ́. Ẹ pe ọ́fíìsì káúńtì yín tàbí ibi ìpéjọ àwọn àgbàlagbà, kí ẹ béèrè bóyá bọ́ọ̀sì náà ń jáde kúrò nínú káúńtì, torí pé àwọn kan kì í kọjá ààlà, súpámákẹ́ẹ̀tì yín sì lè wà ní òdìkejì. Ẹ béèrè iye àpò tí wọ́n gbà kí èrò kan gbé, bóyá kúlà lè wọlé, bóyá awakọ̀ ń bá àgbàlagbà gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà, àti iye wákàtí tí yóò fi dúró kí ó tó padà. Bí wákàtí tí Màmá yóò fi dúró bá gùn, kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó jáde, kí oògùn àti ìpápánu wọn sì wà nínú báàgì, nítorí àtọ̀gbẹ wọn.